Àbùùbùtán Ń Bẹ Lẹ́yìn Ọ̀sà

Kí ló kan ará Ìlaròó tàbí Ayétòrò nínú ọ̀rọ̀ àbùùbùtán? Ẹni tó bá mọ odò Yewa dáadáa kò ní fi ìbéèrè yìí rẹ́rìn-ín. Odò náà kò dúró sọ́dọ̀ wa. Ó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà níhà Àgbádárìgì. Lẹ́yìn ọ̀sà ni iyanrìn, lẹ́yìn iyanrìn ni òkun. Nínú òkun yẹn, láti bí oṣù kẹjọ títí di oṣù kọkànlá, ni àbùùbùtán abuké ti máa ń wá bímọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Lọ́dún 2001, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Koen Van Waerebeek àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ará Benin gbé àbọ̀ ìwádìí wọn lọ síwájú Àjọ Àgbáyé tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ pípa àbùùbùtán. Wọ́n ní òkun tó wà níwájú Kútọnu jẹ́ ibi ìbímọ fún àwọn ẹranko yìí. Òkun tútù ìsàlẹ̀ ayé, nítòsí yìnyín Antarctica, ni wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí òtútù bá le níbẹ̀, wọ́n á kọjá ìlà agbedeméjì ayé wá sọ́dọ̀ wa. Ìyá a gbé oyún fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá, ọmọ tuntun a sì gùn tó mítà mẹ́rin. Ní gbogbo àsìkò tó bá fi wà níhìn-ín, ìyá kì í sábàá rí nǹkan jẹ. Ọ̀rá tó ti kó sára ló ń sọ di wàrà fún ọmọ, ọ̀rá yẹn náà ló sì máa fi rìn padà. Ìgbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá lé e kiri, ara wàrà ọmọ ni wọ́n ń ná.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀. Àbùùbùtán: ohun tí a bù, bù, bù, tí kò tán. Èmi rò pé òkú rẹ̀ létí òkun ni àwọn àgbà rí, tí odidi ìlú yọ ọ̀bẹ sí i tí ẹran ṣì kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ orúkọ yẹn di irọ́. Ní ìdajì ayé tó wà níhà gúúsù nìkan, abuké tí àwọn ọlọ́kọ̀ ọdẹ pa lé ní 200,000. Ní Cap Lopez ní Gabon, tí kò jìnnà púpọ̀ sí wa lójú òkun, wọ́n pa wọ́n títí di ọdún 1959. Ọdún 1963 ni àjọ náà tó fòfin de pípa abuké níhà gúúsù. Wọ́n bù ú, ó sì kù díẹ̀ kó tán.

Nísinsìnyí, ojú la fi ń bù ú. Ní Tonga, láàárín òkun Pàsífíìkì, Ọba Taufa'ahau Tupou Kẹrin fòfin de pípa wọn lọ́dún 1978. Lónìí, àlejò ń sanwó láti bá wọn lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Òfin wọn ni pé òǹlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin péré àti afinimọ̀nà kan ló gbọ́dọ̀ wà nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí rí i pé ìyá àti ọmọ ń pẹ́ sí i lábẹ́ omi nígbà tí ọkọ̀ àti ènìyàn bá sún mọ́ wọn, pé wọ́n sì ń sá. Ní Ningaloo, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, obìnrin kan fara pa gidigidi lọ́dún 2020 lẹ́nu irú ìlúwẹ̀ẹ́ báyìí. Ta ni kò ní jà fún ọmọ rẹ̀?

Ní Benin, láti inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó. Àjọ Nature Tropicale ní Kútọnu wà lára àwọn tó ń mú àlejò lọ. Mo fara mọ́ ìyẹn. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ́ sómi níbẹ̀. Ìgbì etíkun wa kì í ṣe ti eré, ìyá ọlọ́mọ ló sì pọ̀ lára ohun tí a fẹ́ lọ wò. Àwọn apẹja tó mọ ibi tí abuké ń gbà ni kó jẹ́ afinimọ̀nà, kí owó náà lè wọ ilé wọn.

Àlejò náà lè ṣe iṣẹ́ olùwádìí. Abẹ́ ìrù abuké kọ̀ọ̀kan ní àmì dúdú àti funfun tirẹ̀, bí ìka ọwọ́ ènìyàn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó bá gbé ìrù sókè láti rì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Happywhale lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́tò wé fọ́tò láti mọ ibi tí ẹranko kan ti dé rí.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ọ̀nà Òwodé sí Ìdírókò ni, ẹ gba Àjàṣẹ́ kọjá. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání. Ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà yẹn pọ̀ ju igi ọ̀pẹ lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́kọ̀ bóyá á dúró ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ẹran náà, bóyá á dẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, àti ọkọ̀ mélòó ló máa yí i ká. Bó bá ní òun á gbé yín débi tí ẹ ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀, ẹ gba owó yín, kí ẹ lọ jẹ ẹja díndín ní Grand-Popo.