Ẹ Bá Àwọn Ọmọ Sọ̀rọ̀ Nípa Mọ́tò Wọn

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọ̀dọ́ wa kan ní Chicago ń tún mọ́tò ṣe nítorí eré ìje. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ “catalytic converter” tó ń sẹ́ eéfín lábẹ́ ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́.

Àyẹ̀wò ti Illinois kì í ṣe ọdọọdún bíi ti Èkó. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń yẹ eéfín mọ́tò wò níhìn-ín, ọ̀fẹ́ sì ni. Mọ́tò tó bá kùnà kò ní í rí sítíkà nọ́ńbà gbà.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ tú bátìrì kí iná “Check Engine” lè kú. Ẹ má gbọ́! Kọ̀ǹpútà mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ló máa tú àṣírí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àkọsílẹ̀ òun rẹ́, wọ́n á sì dá yín padà.

Ẹni tó bá fẹ́ ìje, kó kọ́kọ́ náwó sórí búréèkì àti táyà. Èéfín tá a bá tú síta, ọmọ wa náà ló ń fà á símú. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́.