ÌDÍLÉ ALÁYỌ̀: Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Tí Ó Fẹ́ràn Igbó

Ọ̀rọ̀ àdúrà ìdílé, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya ni a sábà máa ń sọ ní ojú ewé yìí. Lóṣù yìí, a fẹ́ rántí bàbá kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti jẹ nínú oúnjẹ tí ó sè láìmọ ẹni tí ó dáná rẹ̀. Olóyè Shafi Lawal Edu ni orúkọ rẹ̀, S. L. Edu ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́ ni. Wọ́n bí i ní 1911, ó sì papòdà ní 2002, lẹ́yìn tí ó ti lé ní 90 ọdún lókè eèpẹ̀.

Oníṣòwò pàtàkì ni. Ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìlú Èkó rí, Ọlọ́run sì fún un ní ọrọ̀. Ẹni tí ó bá dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Èkó, ilé ni ó máa ń kọ́ kún ilé, ilẹ̀ ni ó máa ń rà kún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1980, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé 70 ọdún, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá àga tí wọn yóò fi ẹ̀yìn tì, bàbá yìí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nigerian Conservation Foundation. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti dáàbò bo igbó, odò, ẹyẹ àti ẹranko ilẹ̀ wa kí wọn má baà run. Ẹ wo ọdún náà o. Owó epo ń wọlé, gbogbo ènìyàn ń gé igi, wọ́n ń da yanrìn sí irà. Bí o bá sọ fún ará Èkó nígbà náà pé ọ̀bọ ni o fẹ́ gbà là, yóò béèrè bóyá ara rẹ yá.

Ní 1990 ni ẹgbẹ́ náà dá ọgbà Lekki sílẹ̀, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà. Irà àti igbó ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀, awọ́nríwọ́n ń wọ́ káàkiri, afárá pákó ni ènìyàn sì ń tọ̀ gba orí omi kọjá. Ní 2015 wọ́n ṣe afárá olókùn sí òkè láàárín orí igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Lónìí, ilé ti yí ọgbà náà ká, iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ níbẹ̀ kò ṣeé fi ẹnu sọ. Síbẹ̀ igbó náà dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú bàbá tí ènìyàn jẹ́, kí ó wo ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, Mùsùlùmí mà ni bàbá yìí, kí ni ìwé ìròyìn ìjọ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú rí. Ní ìlú wọ̀nyí, ọmọ ìyá kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èkejì ń lọ sí ìsọjí, wọ́n sì jọ ń náwó òkú bàbá wọn. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ rere ni a ń pè ní iṣẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó yẹ kí a sọ síta. Púpọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ ń bẹ̀rù igbó, a sì ń bẹ̀rù omi. Bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀sà, ẹ̀mí òkùnkùn ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Bíbélì yín. Nínú Gẹ́nẹ́sísì 2:15, inú ọgbà ni Ọlọ́run fi ọkùnrin àkọ́kọ́ sí, iṣẹ́ tí ó sì fún un ni pé kí ó máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Kí ó tó fún un ní aya ni ó ti fún un ní iṣẹ́ náà. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 4, Sólómọ́nì ń sọ̀rọ̀ nípa igi, ẹyẹ àti ẹja. Ọgbọ́n ni Bíbélì ka ìyẹn sí. Bí ẹ̀mí òkùnkùn bá wà nínú igbó, ó wà ní ọ́fíìsì pẹ̀lú.

Ẹ tún wo Máàkù orí kìíní. Sébédè wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, nígbà tí Jésù kọjá. Ẹni tí ó bá mọ etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bàbá a jí ní ìdájí, á jí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wọn á mú àjẹ̀ àti ìgèrè, wọn á sọ̀kalẹ̀ lọ sí omi. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàárín wọn. Ọmọ ń wo ọwọ́ bàbá, ó ń mọ ibi tí òbòkún ń gbé, ó ń mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ yí padà. Nígbà tí oòrùn bá mú, ìyá ti ń dúró ní èbúté pẹ̀lú agbọ̀n. Ó mọ èyí tí yóò yan, ó mọ èyí tí yóò gbé lọ sí ọjà Olúwo ní tútù. Gbogbo ilé ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, gbogbo wọn ni wọ́n sì jọ ń jẹun alẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbà inú ìjọ wa ní agbègbè yẹn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán ní ilé-ìwé.

Nísinsìnyí, àwọn tí ń wa yanrìn nínú ọ̀sà ní apá Ìkòròdú ti gbẹ́ ibi tí ẹja ń yé sí. Koríko orí omi tí ó wọ orílẹ̀-èdè wa ní nǹkan bí 1984 ń bo ojú omi bí ẹní, ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà, àwọ̀n ń fàya. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn bàbá. Bàbá tí ń gbé Ìkòròdú tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó yóò jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Ní Sátidé, òde ìnáwó. Ní Sunday, ìsìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ á tún tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò tíì bá bàbá rẹ̀ rìn ju ìrìn àtilé dé ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù òkè òkun, kò mọ igi ìyeyè. A rò pé ó yẹ kí àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa tún ètò ọjọ́ Sátidé wò.

Ìsinmi ilé-ìwé ń bọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí ọgbà tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí fi sílẹ̀. Wọ́n ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà, nítorí náà ẹ múra sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, nítorí pákó máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já kí ó má gun afárá òkè. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà wà nílé yín. Ẹ bẹ apẹja kan kí ó fi ọkọ̀ gbé yín jáde ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Àwọn ìyá lè gbé ẹ̀kọ àti ẹja yíyan dání. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Lekki ni ẹ ń lọ, ẹ fi búrẹ́dì sínú àpò kí ẹ sì dì í dáadáa, nítorí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ.