Ẹ Wo Abẹ́ Irin Kí Ẹ Tó Yà Fọ́tò

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń de irin gíga sórí ọkọ̀ ojú omi kékeré l'Ékòó, fọ́tò là ń wá. A rí i lórí Instagram: irin tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, okùn lókè rẹ̀, ẹnì kan lórí wakeboard lẹ́yìn tó ń fò lórí ìgbì. Ó wù wá. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin dáwó jọ, a ra ọkọ̀ àlòkù, ẹsẹ̀ bàtà 17, a wá wẹ́dà.

Bọ̀ọ̀dá wẹ́dà mọ irin-ín jó lóòótọ́. Páìpù náà dán, ó gún régé. Ṣùgbọ́n skúrù lásán ló fi dì í mọ́ fáíbà ọkọ̀. A bi í pé ṣé ó máa gbà á. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin bọ̀ọ̀sì mi, erin ò lè fà á tu." A sanwó, a yà fọ́tò. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ fi fa èèyàn, ẹsẹ̀ iwájú kan fà tu. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì tó tètè pa á. Orí àwa tá a jókòó lábẹ́ rẹ̀ ni ì bá wó lé.

A ò lè di ẹ̀bi ru wẹ́dà nìkan. Kọ̀ǹpútà la kà ní yunifásítì, a mọ ìṣirò. A kàn kọ̀ láti ṣe é ni. Ẹ wò ó: bí okùn bá fà bí ẹrù kílò 80, tí irin ga ní mítà 2, tí àlàfo mítà 0.8 sì wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn, agbára bí ẹrù kílò 200 ló ń fa ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè. Ìyẹn kí ẹni tó wà lẹ́yìn tó yà bìrí o. Ṣé skúrù ló fẹ́ dá ìyẹn dúró?

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bóòtù tó la ara ọkọ̀ já ni kí ẹ lò, kí àwo irin tó fẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ èyí tí kì í tú fúnra rẹ̀. Kí ẹ dí ihò kọ̀ọ̀kan dáadáa, torí omi tó bá wọlé máa jẹ pákó tó wà nínú fáíbà. Bí ara ọkọ̀ bá fẹ́lẹ́ jù, ẹ kọ́kọ́ fún un lágbára, àbí kí ẹ fi irin sílẹ̀.

Ẹ má so rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí èèyàn ń jókòó lé mọ́ òkè irin. Tó bá rì sómi lójijì, fífà okùn á le kọjá àlà. Ìkọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òkè irin. Ẹrù òkè ló ń dojú ọkọ̀ kékeré dé.

Wọ́n á ní lágbájá ti ń lo tiẹ̀ látọjọ́ yìí, kò sí nǹkan tó ṣe é. Àwa tá à ń kọ sọ́fítíwia mọ ọ̀rọ̀ yẹn: "Ó ṣiṣẹ́ lánàá." Bí iṣẹ́ tiwa bá dàrú, a lè dá a padà sí bó ṣe wà lánàá. Orí tó fọ́ ńkọ́?

Torí náà, bí wọ́n bá pè yín síbi ìgbafẹ́ lórí ọ̀sà, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo abẹ́ irin. Bí ẹ ò bá rí àwo níbẹ̀, ẹ padà sílé.