Kí Ló Dé Tí Àrùn Inú Àdán Kì Í Pa Àdán?

Àkókò máńgòrò ni àkókò àdán ní Ṣábẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a dé sórí igi, wọn a máa jẹ, wọn a máa pariwo, wọn a máa da èso sílẹ̀. Ní ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá so rọ̀, àwọn ọmọ wa a gbé kànnàkànnà. Èyí tó bá já bọ́ di ẹran ọbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ní kí a ṣọ́ra nítorí àrùn tó wà lára àdán, àwọn àgbà a rẹ́rìn-ín. Wọn a ní: “Bí àrùn burúkú bá wà lára rẹ̀, ṣé òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ì bá kọ́kọ́ pa?”

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ìbáwí dáhùn rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí a má jẹ ẹran tó kú fúnra rẹ̀, kí a má sì jẹ èyí tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀kọ́ náà dára fún ewúrẹ́ àti adìẹ. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kò tó fún àdán. Àdán tó gbé àrùn lè máa fò, kí ó máa jẹun, kí ó sanra. A kò lè fojú mọ̀ ọ́n.

Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo inú ara. Sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ara ènìyàn àti ti ẹranko, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé. Sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn kòkòrò tó ń fa irú àrùn yìí, tún kéré jù ú lọ púpọ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá bí sí i. Ó ní láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó sọ ọ́ di ẹrú, kí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe fáírọ́ọ̀sì mìíràn fún un. Sẹ́ẹ̀lì tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí a ké ìbòsí. Kì í ṣe ohùn ló fi ń ké. Ó máa ń tú ohun kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní interferon. Bí ó bá kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí, wọn a ti ilẹ̀kùn wọn.

Lára ènìyàn, olè ní láti wọlé kí igbe tó sọ. Fáírọ́ọ̀sì Ebola sì mọ bí a ti ń fọwọ́ di sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu. Fún ọjọ́ mélòó kan ó ń pọ̀ sí i, ara kò fura. Nígbà tí ara bá jí, ó ti pẹ́. Ara a wá máa jà láìwo ibi tó ń gbá: ẹ̀dọ̀ a bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa jò. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ pa eku tó dáná sun àká.

Ti àdán yàtọ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí kéde pé lára àdán ńlá kan tó ń jẹ èso ní Ọsirélíà, interferon wà níbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó dé rárá. Ọdẹ wọn kì í sùn. Ní 2020, àwọn mìíràn fi fáírọ́ọ̀sì sí sẹ́ẹ̀lì àdán nínú àwo, wọ́n sì fi sí sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ kan tí kò lè ṣe interferon. Ti ọ̀bọ kú tán. Púpọ̀ nínú ti àdán kò kú, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kò kúrò níbẹ̀. Àwọn ìwádìí 2018 àti 2019 sì fi hàn pé ara àdán kì í bínú kọjá ààlà bíi tiwa. Àwọn onímọ̀ rò pé fífò ló fà á, nítorí pé iṣẹ́ ńlá ni fífò jẹ́, ó ń mú ara gbóná gan-an. Bí ara àdán bá ń bínú sí gbogbo ìpalára kékeré, yóò jó ara rẹ̀ run.

Bẹ́ẹ̀ ni àdán àti fáírọ́ọ̀sì ṣe ń jọ gbé, bí onílé àti ayálégbé tí kò fẹ́ràn ara wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àdán ń borí o. Àwọn tó jẹ́ ẹbí dìgbòlugi lè pa á. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n rí lára àdán ní Èkó ní 1956. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àdán tó ń ta gìrìgìrì nílẹ̀, ẹ má gbé e. Bí ó bá ti bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ta ni ewu náà súnmọ́ jù nínú ilé? Kì í ṣe bàbá tó jókòó ti ọbẹ̀. Iná tó jó dáadáa ń pa fáírọ́ọ̀sì. Ọmọ tó mú àdán láàyè ni, àti ìyá tó fi ọwọ́ tí ọ̀bẹ ti gé la inú rẹ̀. Ní òpin 2013, ọmọdé kan kú ní abúlé Méliandou ní Guinea. Àwọn olùwádìí fura sí àdán kéékèèké inú ihò igi kan tí àwọn ọmọdé ń ṣeré sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú. Láti ibẹ̀ ni Ebola ti tàn dé Làìbéríà àti Sàró. Nígbà tí yóò fi dáwọ́ dúró ní 2016, ó ti pa ju 11,300 ènìyàn lọ. Nàìjíríà, aládùúgbò wa, ní ènìyàn 20 tó kó o ní 2014, 8 sì kú. Kò wọ Bẹ̀nẹ̀. Marburg, ẹbí Ebola, yọjú ní Guinea ní 2021 àti ní Gánà ní 2022.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ní Malaysia, ní 1998 sí 1999, àdán ń jẹ èso lórí igi tó wà lẹ́bàá ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kó fáírọ́ọ̀sì Nipah, ó sì ran ènìyàn. Ó ju 100 ènìyàn tó kú, wọ́n sì pa ẹlẹ́dẹ̀ tó lé ní 1,000,000. Ẹ má kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ sábẹ́ máńgòrò. Èso tí àdán ti bù jẹ, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún ẹran ọ̀sìn.

Àwọn kan á ní: “Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pa wọ́n tán.” Èmi kò fara mọ́ ọn. Ní Kitaka, ní Uganda, àwọn awakùsà kó Marburg ní 2007 nínú ihò tí àdán kún. Wọ́n pa àdán ibẹ̀ rẹ́. Ní 2012 àrùn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè yẹn. Àwọn àdán tuntun ti dé, àwọn tó gbé fáírọ́ọ̀sì nínú wọn sì ti kúrò ní nǹkan bí 5 nínú 100, ó ti di 13. Yàtọ̀ sí èyí, àdán ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri fún igi tí a ti ń mú irú, òun náà ló ń tú èso ìrókò ká. Ẹni tó bá pa á tán yóò wá irú tì lọ́jọ́ iwájú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹran. A kò lè sọ fún ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ pé kó dáwọ́ dúró, kí a sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń sin ọ̀yà ní Bẹ̀nẹ̀. Koríko, ìgbẹ́ àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ, ẹran rẹ̀ sì ń tà ju ti àdán lọ. Kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò dá owó jọ, kí wọ́n fi akọ kan àti abo mẹ́rin bẹ̀rẹ̀.