Kí ẹ tó bi ọmọ yín nílùú òyìnbó pé "owó dà?", ẹ bi í bóyá ó rí oòrùn

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ẹjọ́ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí ní Oko-Akarè, ní Ikpinlè àti káàkiri Adja-Ouèrè: ọmọ tó wà nílùú òyìnbó kì í gbé fóònù dáadáa mọ́. Bó bá gbé e, ohùn rẹ̀ á rí bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Owó tó ń fi ránṣẹ́ á dín kù, bẹ́ẹ̀ ìgbà ọdún gan-an la nílò rẹ̀. Àwọn kan á ní ó ti gbàgbé ilé. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Èrò tèmi ni pé à ń yára dájọ́. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ohun kan wà tí àwọn ọmọ wa ń bá yí lọ́hùn-ún tí a kì í kà sí: òkùnkùn ni.

Gbogbo wa ti gbọ́ nípa òtútù wọn, fọ́tò yìnyín sì pọ̀ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í fi òkùnkùn hàn. Lọ́dọ̀ wa, ìbáà jẹ́ ìgbà òjò tàbí ìgbà ọyẹ́, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí pé a kò jìnnà sí àárín ayé. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ayé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń yí oòrùn po. Nígbà tí apá àríwá rẹ̀ bá fì kúrò lọ́dọ̀ oòrùn, ọ̀sán wọn á kúrú.

Ẹ wo Paris. Nígbà òtútù, aago wọn àti aago wa ní Benin kan náà ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, nígbà tí aago 8 òwúrọ̀ bá lù, ìyá oníṣòwò ti pàtẹ ní Ikpinlè, oòrùn ti ń ta sí i lára. Ní aago 8 yẹn kan náà, ilẹ̀ kò tíì mọ́ níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń dúró de ọkọ̀. Ó di nǹkan bí aago 8 kọjá ogójì ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ níbẹ̀. Kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ní London, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà kò pé wákàtí 8. Ní Tromsø, ní òkè réré ilẹ̀ Norway, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìíní.

Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì tàbí tó ń to ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí á jáde nílé lókùnkùn, á sì padà sílé lókùnkùn. Owó ńkọ́? Ìgbà yìí gan-an ni owó iná àti owó tí wọ́n fi ń mú ilé móoru máa ń ga jù. Nílẹ̀ Faransé, òtútù yìí le débi pé òfin kì í sábà gbà kí onílé lé ayálégbé tó jẹ owó ilé jáde láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò kú, ó ń dúró dè é.

Òkùnkùn náà tún ń wọ inú ara àti ọkàn lọ. Dókítà Norman Rosenthal, ọmọ bíbí ilẹ̀ South Africa tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé agbára òun máa ń dín kù nígbà òtútù New York. Ní ọdún 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń bá òtútù dé: àárẹ̀, oorun àsùnjù, àìfẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé jíjókòó síwájú iná tó mọ́lẹ̀ gan-an ń ran àwọn tó ń ṣe lọ́wọ́. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àjẹ́.

Ẹnìkan lè ní àwọn kan lọ, ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Òótọ́ ni. Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Togo tó múlé tì wá, kúrò nílé lọ́dọ̀ọ́, ó sì lo nǹkan bí ọdún 8 lójú ọ̀nà kó tó gúnlẹ̀ sí Greenland ní ọdún 1965. Ó gbé nínú yìnyín yẹn ju ọdún kan lọ. Àmọ́ kò dá gbé: àwọn onílẹ̀ gbà á sílé, wọ́n bá a jẹ, wọ́n bá a mu. Àwọn baba wa ní èèyàn laṣọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló dá wà nínú yàrá kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pè wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi wọn, kì í ṣe lóru. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé ara le? Ṣé o jáde lónìí?", kí ọ̀rọ̀ owó tó wọlé. Bí òrùlé bá fẹ́ gba páànù, ẹ bá wọn sọ ọ́ lóṣù Keje, ẹ má fi í di oṣù Kejìlá. Ọmọ tó sì ń múra àtilọ, ẹ kìlọ̀ fún un kó máa jáde lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá wà, kó wá ẹgbẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa kàn, kó sì lọ rí dókítà bí ọkàn rẹ̀ bá ń wúwo.

Mi ò sọ pé kò sí ọmọ tó ń gbàgbé ilé. Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ fi gbogbo ọdún wò ó, ẹ má fi oṣù òkùnkùn dá a lẹ́jọ́. Bó bá di oṣù Kẹta, ọ̀sán wọn á tún gùn, ọmọ náà á sì rántí ohùn tó gbọ́ láti ilé nígbà tí ilẹ̀ ṣú.