Ilé Pátì Katakata: Ta Ni Yóò Rí Iṣẹ́ Níbẹ̀?

Ní oṣù Òkúdù ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí aṣọ lójú katakata 2,000 tí ìjọba àpapọ̀ kó wá láti Belarus. Ayẹyẹ náà dùn ní Àbújá. Àmọ́ bí bẹ́líìtì bá já lára ọ̀kan nínú wọn lóko Ṣakí ńkọ́? Níbo ni àgbẹ̀ yóò ti rí òmíràn rà?

Ilé ìkẹ́rùsí pátì, ìyẹn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Olùtọ́jú ẹrù, akọ̀wé, awakọ̀, ọlọ́dẹ, ó tán. Olóṣèlú tó bá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ wà nínú ilé kan ṣoṣo ń dápàárá ni.

Ìta ilé náà ni kí ẹ wò. Bí fílítà epo àti abẹ ìtúlẹ̀ bá wà nítòsí, mẹkáníìkì á lè ṣí ṣọ́ọ̀bù lágbègbè oko, á sì gba ọmọ iṣẹ́. Awakọ̀ katakata kò ní jókòó tẹtẹrẹ nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí àgbẹ̀ ń wá ẹni tí yóò túlẹ̀ fún un. Òjò kò mọ̀ pé pátì ṣì wà ní èbúté Àpápá.

Ìdòfìàn, nítòsí Ìlọrin, ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ẹ̀rọ oko, NCAM, wà. Lójú tiwa, irú àyíká bẹ́ẹ̀ ló yẹ ilé pátì. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá sì tún fẹ́ ra katakata, kó kọ owó pátì àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹkáníìkì sínú àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i.