Táyà Sípíà Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Ẹ Má Gbé E Kọ́ Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé awakọ̀ ni àwọn kan nínú yín. Àwọn kan jẹ́ jórinjórin. Àwọn mìíràn sì ń kó ọjà láti Lomé lọ sí òkè. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo yín. Ó tilẹ̀ kan ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá, nítorí pé òun náà ń gun zémidjan lẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Èbúté Lomé, tí a ṣí ní ọdún 1968, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àlòkù ń gbà wọlé láti Yúróòpù. Nínú wọn ni a ti ń rí ọkọ̀ gíga bíi Toyota Land Cruiser àti Land Rover, tí ó lè wọ inú igbó, tí ẹrẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí lọ́wọ́. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n so táyà sípíà mọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà ọlọ́dà. Ṣùgbọ́n bí táyà bá jò lọ́nà oko ní agbègbè Kpalimé nígbà òjò, inú ẹrẹ̀ ni awakọ̀ yóò dùbúlẹ̀ sí kí ó tó lè tú u. Nígbà mìíràn ọkọ̀ ti rì débi pé sípíà gan-an ti wọlẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń lọ bá jórinjórin pé kí ó ṣe irin tí yóò gbé sípíà sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kì í ṣe àṣà tuntun. Jeep tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò láti ọdún 1941, ẹ̀yìn ni ó gbé tirẹ̀ sí. Àwọn Land Rover àtijọ́ kan tilẹ̀ gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ru igbá.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó gbé sípíà sẹ́yìn. Ibi tí a so ó mọ́ ni mo ń bá wí. Ẹ ó rí i tí wọ́n jó irin tín-ín-rín mẹ́ta mọ́ páànù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí wọ́n sì gbé táyà ńlá kọ́ ọ. Ẹ wo ìwúwo rẹ̀ ná. Táyà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ríìmù onírin rẹ̀ sábà máa ń wọn kílò 30 sí 40. Bí ọkọ̀ bá dúró, ilẹ̀kùn lè gbé e. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò ńkọ́? Táyà náà yóò fò sókè, yóò já wálẹ̀, ìwúwo rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po. Ẹ fi ọwọ́ kan na korobá omi síwájú, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: bí ẹrù ṣe jìnnà sí ara tó ni ó ṣe ń wúwo tó. Páànù a bẹ̀rẹ̀ sí í là, ìdè ilẹ̀kùn a yẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní pa dé mọ́. Níkẹyìn, yóò já.

Táyà tí ó já bọ́ lójú títì kì í dúró. Yíyí ni yóò máa yí. Bí ó bá kọlu zémidjan tí ó gbé ìyá àti ọmọ lójú ọ̀nà N1, ta ni yóò dáhùn? Ìyá yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń dúnàá dúrà lọ́dọ̀ jórinjórin, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Tíṣà, ṣebí Toyota fúnra wọn gbé sípíà kọ́ ilẹ̀kùn RAV4 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1994?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe é mọ ìwọ̀n táyà tí ilẹ̀kùn náà yóò gbé, wọ́n sì ti mú kí ilẹ̀kùn àti ìdè rẹ̀ lágbára tó o láti ìbẹ̀rẹ̀. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀.

Èrò mi ni pé ṣáásí ni kí ó gbé ẹrù. Kí bọ́ńpà ẹ̀yìn jẹ́ irin tí ó nípọn, tí a fi bóòtì dè mọ́ ṣáásí. Kí òpó irin kan dúró lórí bọ́ńpà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí apá irin tí ó gbé táyà sì máa yí lára òpó náà bí ilẹ̀kùn ọgbà. Họ́ọ̀bù àti bẹ̀ríǹ tí a tú lára ọkọ̀ àlòkù dára fún ibi tí ó ti ń yí, nítorí pé ó ń gba gíríìsì. Lápá kejì, kí ìkọ́ lílágbára dì í mú, kí pínnì sì há a, kí ó má baà ṣí fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì ṣí, kí nǹkan kan dá a dúró, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò padà gbá yín lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Níbi ṣáásí, bóòtì ni mo fẹ́, kì í ṣe jíjó, nítorí pé iná lè sọ irin di aláìlera. Bí ó bá di dandan láti jó nǹkan lára ọkọ̀, kí jórinjórin kọ́kọ́ tú okùn bátìrì, kí ó sì mọ ibi tí táǹkì epo wà. Bí ó bá fẹ́ lo páìpù omi àlòkù nítorí owó pọ́ọ́kú, ẹ bi í bóyá wọ́n fi sínkì bò ó. Èéfín sínkì a máa fa ibà fún ẹni tí ń jó o, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni ó sì ń fa á símú jù.

Kí ẹ tó lọ, ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ ka ohun tí ó wà lára táyà. Bí ẹ bá rí 235/85 R16, 235 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 85 ni pé gíga rọ́bà jẹ́ 85 nínú 100 fífẹ̀ náà, ìyẹn bíi 200. 16 ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì, ìyẹn bíi mìlímítà 406. Ẹ rò ó pọ̀: 200 lókè, 200 nísàlẹ̀, 406 láàárín. Ó jẹ́ 806, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹ wá fi téépù wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ yín. Ṣé kò ní bo nọ́ńbà ọkọ̀? Ṣé kò ní bo iná bíréèkì? Bí yóò bá bò wọ́n, irin náà ni kí ẹ gbé wọn sí. Ẹ ka ihò ríìmù pẹ̀lú: Land Cruiser kan ní 5, òmíràn ní 6.

Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin níparí. 2319 ni pé a ṣe táyà náà ní ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Oòrùn a máa ba rọ́bà jẹ́, bí táyà náà kò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ rí. Níbi èyí, abẹ́ ọkọ̀ sàn ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ fi aṣọ bò ó.

Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí bébà yín. Ẹni tí ó bá bínú, ẹ wá ọ̀gá mìíràn.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé táyà kọ́ ọ, kí ẹ dì í mú, kí ẹ mì ín dáadáa. Bí gbogbo ọkọ̀ bá mì pẹ̀lú rẹ̀, ó dára. Bí táyà nìkan bá mì, ẹ dá a padà fún jórinjórin kí ẹ tó sanwó tán. Lẹ́yìn ìrìnàjò àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa, ẹ mú sípánà, kí ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún, nítorí pé gbígbọ̀n ọkọ̀ a máa tú wọn.